Ará Ẹ̀sà-Òkè Tó Ń Ran Ọlọ́pàá Lọ́wọ́

Láti ìgbà tí mo ti ìlú Òyìnbó dé, ìbéèrè kan náà ni tọmọdé tàgbà Òṣogbo ń bi mí: báwo ni òtútù ibẹ̀ ṣe rí? Mo ti dáhùn títí ó ti sú mi. Òtútù ibẹ̀ tutù. Ó ń wọnú bàtà, ó ń wọnú etí, ó sì ń bá ènìyàn sùn. N kò ní ju ìyẹn lọ láti sọ nípa rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ lọ, ni ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyẹn fún yín. Ó gbé mi dé òkè òkun, ó sì tún gbé mi dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Òkè-Fìà

Ọmọ aláró ni mí. Ìyá mi ń pa aṣọ láró, bàbá mi ń rán agbádá fún àwọn àlùfáà, kò sì sí ẹni tó rò pé ìwé ìròyìn ni èmi Làmídì yóò fi jẹun. Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ìwé ìròyìn ń hù káàkiri bí olú, ọkùnrin kan ṣí ilé ìtẹ̀wé sí Òkè-Fìà, ó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mò ń ka àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó wá, tí mo sì ń sọ ohun tó wà nínú wọn di Yorùbá.

Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo jáde ìwé mẹ́fà, mo sì ka ilé ìwé mọ́dà lé e. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ìwé ìròyìn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọlọ́pàá 'grill' ọkùnrin kan ní Èkó. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, ó ní ká gbé ẹran lé orí iná, ká máa yan án. Wọ́n kọ ọ́ pé 'row' bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn aṣòfin, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ká fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní mínísítà kan 'axe' ọ̀gá àgbà kan, àáké nìyẹn. Èmi àti ọ̀gá mi á jókòó ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ó máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ra aṣọ tí kò mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá mi kọ̀wé sí Òyìnbó kan tó ti ṣe tíṣà rí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, tó ti padà sílé, tó sì mọ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ní ìlú rẹ̀. Wọ́n gbà pé kí n wá jókòó tì wọ́n fún ọdún kan. Ìyá mi béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ti tán ní Òṣogbo ni, tí mo fi ń lọ rà á lókè òkun. Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìlú eléèéfín

N kò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun. Ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí kó máa dúpẹ́.

Apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú tí mo lọ wà. Ìlú ahunṣọ ni, mo sì ti rò pé ọmọ aláró kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo bá. Ilé iṣẹ́ òwú ló yí ìlú ká, ihò èéfín gígùn-gígùn nà sókè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé, gbogbo rẹ̀ sì dúdú. Mo rò pé iná ti jó ìlú náà rí ni. Àfìgbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ń fọ ara ògiri ilé rẹ̀, tí àwọ̀ bí ti oyin ń yọ lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé èéfín ló kùn wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi, obìnrin tó ń gba owó ọkọ̀ nawọ́ sí mi, ó pè mí ní 'love'. Olùfẹ́. Obìnrin tí n kò rí rí. Ojú tì mí, mo wẹ̀yìn wò bóyá ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó ti pe bàbá arúgbó kan ní olùfẹ́, ó ti pe ọmọ ilé ìwé kan ní olùfẹ́, kódà obìnrin tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ lórí ẹrù, olùfẹ́ ló ń pè é bí wọ́n ti ń bára wọn jà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura pé ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dáadáa ní Òṣogbo lè wọ aṣọ mìíràn níbí.

Wọn kì í kí ènìyàn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣìnà lọ́jọ́ kejì, bàbá kan nínú àwọn tí kò dá mi lóhùn ló fi ibi tó ń lọ sílẹ̀, ó bá mi rìn títí dé ẹnu ọ̀nà tí mò ń wá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ ní gbogbo ọ̀nà, pé ojú ọjọ́ kò dára. Mo dúpẹ́, ó ti lọ.

Ọ̀dọ̀ Mísísì Hátílì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Opó ni, ilé òwú ló ti ṣiṣẹ́ láti ọmọdé, ariwo ẹ̀rọ sì ti dí i létí díẹ̀, nítorí náà ẹnu ènìyàn ló máa ń wò bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó ní 'tea' ti délẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ fi ife tíì kan gbóná ara, mo bá ọ̀dùnkún, ẹran, kárọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì lórí tábìlì. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń pè ní 'dinner', èyí tí tíṣà wa fi bílálà kọ́ wa pé oúnjẹ alẹ́ ni. Mo béèrè irú ẹran tó jẹ́. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ni, ẹlẹ́dẹ̀ tó dára. Mo ṣàlàyé pé Mùsùlùmí ni mí. Kò jiyàn, ó yọ ẹran náà kúrò, ó dín ẹyin fún mi, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kan náà ló ti dín in. Mo jẹ búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kejì ó ra páànù tuntun kan, ó so òwú pupa mọ́ ọn lọ́wọ́ kó má baà ṣì í lò. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi náà kò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní in.

Níbi tí wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Dọ́bùsìn ni wọ́n fi mí tì ní ilé iṣẹ́ ìròyìn. Ọkùnrin onírun funfun ni, òun ló ń fún ìròyìn ní àkọlé, tó sì ń gé èyí tó bá gùn jù. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni 'grill'. Ó ní kí ọlọ́pàá da ìbéèrè bo ènìyàn ni. Ó fi rúlà hàn mí bí òpó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ó ní ọ̀rọ̀ gígùn kò lè wọ ibẹ̀, 'grill' á wọ̀ ọ́, 'quiz' náà á wọ̀ ọ́. Ó ní àyè ló ń yan ọ̀rọ̀, kì í ṣe òun.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ará ìlú kì í sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Mo ń tẹ́tí nínú bọ́ọ̀sì, mo ń tẹ́tí lọ́jà. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n 'axe' òun lẹ́nu iṣẹ́; wọ́n á ní wọ́n ti lé òun. Mo bi Mísísì Hátílì ohun tó ń pe 'blaze'. Ó ní iná ni, kí tún ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn dà bí aṣọ Jímọ́ọ̀: gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá rí i, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ̀ ọ́ lọ sóko.

Àwọn mìíràn tún wà tó fara sin. Dọ́bùsìn ní bí olórí ìlú bá sọ̀rọ̀, 'ó sọ pé' ni wọ́n ń kọ. Bí ẹni tí wọn kò gbà gbọ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ 'claim', òǹkàwé á sì mọ̀ pé kí òun fi ìka kan dí etí. Mo ní a ní irú rẹ̀ nílé. Bí ọ̀rọ̀ bá dá wa lójú, a ó ní a rí i. Bí kò bá dá wa lójú, a ó ní "wọ́n ní", bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè pé àwọn ta ni, a ó yí ọ̀rọ̀ padà. Èyí dùn mọ́ ọn gan-an. Bí akọ̀ròyìn kan bá mú ìròyìn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wá, Dọ́bùsìn á wò mí, á ní, "Wọ́n ní." Kò pè é dáadáa rárá, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ gan-an ló ti ń lò ó.

Bọ̀dá Ògúnṣakin

Lọ́jọ́ kan tí mò ń wá ata nínú ọjà wọn, mò ń kùn ní Yorùbá pé nǹkan tí kò ta ènìyàn ni wọ́n ń pè ní ata níbí. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe yíjú, ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ kóòtù, ó gbé kábéèjì dání. Ó béèrè ará ibo ni mí. Bó ṣe la ẹnu ni mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni.

Ògúnṣakin ni orúkọ rẹ̀, ará Ẹ̀sà-Òkè, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ilé ìkó-òwú-sí ti ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìlú náà ló ń gbá, tó sì ń tò. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń lọ kí i. Yóò po ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún sínú omi gbígbóná, yóò fi igi rò ó títí apá rẹ̀ yóò fi ro ó, yóò jẹ òkèlè kan, yóò sì gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní wọ́n lè pè é ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní "uyán" lójú òun. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà ń pe iyán.

Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ń bọ̀ wá bá a. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé tó ní yàrá tó ṣófo ló ń fi páálí sójú fèrèsé pé kí aláwọ̀ dúdú má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn. Obìnrin àgbàlagbà kan ló gba Ògúnṣakin sílé, nígbà tó sì gbọ́ pé ìyàwó ń bọ̀, ó ní òun yóò fún wọn ní yàrá ńlá tó wà lókè. Ògúnṣakin ti fọwọ́ ara rẹ̀ kun yàrá náà ní ọ̀dà funfun. Ó ti ra dígí tí ìyàwó yóò máa wojú. Bí mo bá lọ kí i, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè lọ wo yàrá náà ká tó jókòó.

Iná

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná sọ ní ilé ìkó-òwú-sí náà. Ògúnṣakin ló kọ́kọ́ rí èéfín tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sáré lọ lu aago, ó ń wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pariwo kí gbogbo ènìyàn jáde. Wọ́n jáde, kò sí ẹni tó fara pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá fi ọkọ̀ wá gbé e kó lè wá sọ ohun tó rí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní tíì, ó ya àwòrán ilé náà fún wọn, ó fi ibi tí èéfín ti kọ́kọ́ yọ hàn wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìwé ìròyìn wa jáde. Lábẹ́ àwòrán iná, wọ́n kọ ìlà kékeré kan pé òṣìṣẹ́ kan, ọmọ Nàìjíríà, ń ran àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́ nínú ìwádìí wọn. Wọn kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló wà ní ilé iṣẹ́ náà.

Inú mi dùn. Mo gbé e lọ bá Dọ́bùsìn, mo ní ará ilé mi ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ yìí. Dọ́bùsìn yọ awò ojú rẹ̀, ó béèrè bóyá ó dá mi lójú, ó sì ní ó ba òun nínú jẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iná náà ló ń sọ. Mo mú ìwé ìròyìn náà lọ sílé, mo tẹ́ ẹ síwájú Mísísì Hátílì. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?" ló bi mí.

Mo ní bí ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi.

"Kí ló ṣe?"

"Ó ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, bóyá òun kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fà mí jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọlọ́pàá rò pé ó ṣe iṣẹ́ ibi náà ni, tí wọn kò tí ì fẹ̀sùn kàn án ní kóòtù. Kò sí nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ní ìlú náà. Mo gbé kóòtù mi, mo jáde.

Orí àpótí rẹ̀ ni mo bá Ògúnṣakin, ó jókòó síta níwájú ilé, ó wọ kóòtù tó dára jù tó ní, ìwé ìròyìn mélòó kan wà lábíyá rẹ̀. Bó ṣe kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá ló ti rà wọ́n, ó sì ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ẹ̀sà-Òkè kó tó dé ilé. Obìnrin onílé rẹ̀ ti gbé àpótí rẹ̀ síta, ó sì gba inú ilẹ̀kùn tó tì sọ fún un pé kó lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Làmídì, bá mi wò ó," ló wí. "Ta ló kú nínú ilé yìí tí wọ́n fi gbé ẹrù mi síta?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bọ̀dá. Ìwé ìròyìn ni."

"Èyí tó yìn mí?"

"Kò yìn yín."

Mo sọ fún un bí Mísísì Hátílì ṣe sọ fún mi. Ó yọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn náà, ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ṣùgbọ́n mo ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Irọ́ dà níbẹ̀?"

N kò rí irọ́ fi hàn án. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òótọ́ ni gbogbo wọn. Ó gbójú sókè wo fèrèsé yàrá tó kùn, ó wò ó pẹ́, ó sì dìde. Mo di etí àpótí náà kan mú, ó di èkejì mú, a gbé e gba àárín ìgboro. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá, lọ́jọ́ náà sì ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹni tí kì í kí ènìyàn lè mọ ènìyàn dunjú.

Nígbà tí Mísísì Hátílì ṣílẹ̀kùn, ó wo àpótí, ó wo Ògúnṣakin, ó wá wò mí. Ó béèrè bóyá ọkùnrin yìí pẹ̀lú kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ògúnṣakin ní òun ń jẹ ẹ́. Obìnrin náà ní ọpẹ́ ni, ìyẹn á rọrùn. Ó kó ẹrù ọkọ rẹ̀ tó ti kú kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, Ògúnṣakin sì sùn síbẹ̀.

Ìbéèrè

Ní àárọ̀, Ògúnṣakin bá mi lọ sí ilé iṣẹ́ ìròyìn. Ó jókòó síwájú Dọ́bùsìn, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orókún. Kò bínú, ó kàn ń béèrè bí ẹni tó ń wá ọ̀nà. Ó ní bó bá jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n fura sí, kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ lóòótọ́?

Dọ́bùsìn fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní òfin ilẹ̀ wọn kò gbà kí ìwé ìròyìn pe ènìyàn ní olè tàbí adánásunlé kí adájọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ọ̀rọ̀ tútù tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ gbígbóná. Ẹni tí wọ́n fura sí ni wọ́n fẹ́ fi dáàbò bò. Ọlọ́pàá kan ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifóònù, akọ̀ròyìn kọ ohun tó gbọ́, òun náà wò ó, ó sì kọjá lójú òun. Ó ní wọ́n ti lò ó pẹ́ títí débi pé kò sí ẹni tó rántí mọ́ pé 'ìrànlọ́wọ́' wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dáhùn ìbéèrè náà gan-an. Ó ní àwọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ìyẹn.

Ó gbé tẹlifóònù. Ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ní kò sí ẹ̀sùn kankan, pé ọkùnrin náà ló gba gbogbo wọn là, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni rò ó sí nǹkan mìíràn. Dọ́bùsìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, nítorí irú èyí ni mo ṣe wá. Ó kọ 'blaze', ó pa á rẹ́, ó kọ 'fire'. Ó kọ pé akọni ni Ògúnṣakin, ó wo ojú rẹ̀, ó sì pa ìyẹn náà rẹ́. Ohun tó kù ni pé ó rí èéfín, ó lu aago, ó ń pariwo, àwọn ènìyàn sì jáde. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ ní ibùdókọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, Dọ́bùsìn sì yọ ìpolówó bàtà kan kúrò kó lè rí àyè.

Ilé iṣẹ́ òwú ti dá Ògúnṣakin dúró nítorí ìròyìn àkọ́kọ́; wọ́n pè é padà. Obìnrin tó lé e wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Mísísì Hátílì, ó gbé kéèkì dání, ó ní yàrá náà ṣì wà. Ògúnṣakin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba kéèkì, kò sì padà. Mísísì Hátílì ti sọ pé yàrá ẹ̀yìn náà gba ènìyàn méjì bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ ló ka èkejì. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, àwọn kan wà tí wọn kì í jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì.

Fúnmiláyọ̀ dé kí òtútù tó mú. Ó kúnlẹ̀ kí Mísísì Hátílì ní ẹnu ọ̀nà, Mísísì Hátílì rò pé ó ṣubú ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e dìde.

Iléṣà

Nígbà tí ọdún mi pé, Ògúnṣakin ní kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ ìyá òun, kí n fẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní Fúnmiláyọ̀ mú ọ̀rọ̀ kan ti ilé wá tí òun kò fẹ́ràn. N kò bi í léèrè.

Mo dé Òṣogbo, mo sinmi, ìyá mi fi mí hàn fún gbogbo agboolé bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú aró. Lẹ́yìn náà ni mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Mo yà jẹun ní ilé olóúnjẹ kan. Ọkùnrin tó jókòó tì mí béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní Ẹ̀sà-Òkè, mo sì ní òkè òkun ni mo ti dé. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá mo mọ ọmọ ilé Ògúnṣakin tí wọ́n mú ní ìlú Òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ iná.

Mo fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Mo ní kó sọ ohun tó mọ̀. Ó ní nígbà tí ìwé ìròyìn náà dé Ẹ̀sà-Òkè, tíṣà kan kà á fún ìdílé náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pé ọmọ wọn ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú kan tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí wá sílé wá ṣọdún, wọ́n fi hàn án, kò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún. Ẹnì kan yẹn tó. Mo béèrè pé ìwé ìròyìn kejì ńkọ́, èyí tó sọ òótọ́. Ó ní àwọn rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló ń sanwó kí wọ́n tún ìwé kọ fún òun.

Mo bi í pé àwọn ta ni wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀.

Ẹ̀sà-Òkè

Ìyá Ògúnṣakin ń to igi ìdáná sí ẹ̀yìn ilé nígbà tí mo dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gíga ọmọ rẹ̀ ló ní. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ẹni tó rán mi. Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé omi fún mi, ó sì rán ẹnìkan lọ pe àwọn ará agboolé. Ó jókòó, ó dúró títí wọ́n fi pé, àwọn tó ń kí i àti àwọn tí kò kí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa sọ ọ́.

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ èéfín abẹ́ ilẹ̀kùn, mo sọ aago tó lù, mo sọ ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá fẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo sọ pé èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ gbé àpótí. N kò lo "wọ́n ní" ní ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá kan béèrè bóyá ojú mi ló ṣe. Mo ní iná nìkan ni kò ṣojú mi, ìyókù ṣojú mi, mo sì ṣetán láti fi Kùránì búra. Ó ní kò dé ibẹ̀. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú ìyá náà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa." Ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, àwọn mìíràn ń tẹ̀lé e. Ìyá náà ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ohùn sókè, kò sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó wọlé lọ gún iyán. Mo jẹ ẹ́ títí ojú fi tì mí. Ó ń wò mí. Nígbà tí mo fọwọ́ tán ló tó béèrè ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀, kò sì jẹ mọ́ ìwé ìròyìn.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ síta, ibo ló sùn?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti opó tó kó ẹrù ọkọ rẹ̀ kúrò ní yàrá. Mo sọ ti páànù olówùú pupa, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó béèrè bóyá obìnrin náà bímọ. Mo ní kò bí. Ó wá ní kí n dárúkọ rẹ̀ fún òun, kí òun lè máa fi í sínú àdúrà òun láàárọ̀, nítorí kò dára kí ènìyàn gbàdúrà fún ẹnìkan kó má mọ orúkọ rẹ̀.

"Mísísì Hátílì," mo wí.

Ó gbìyànjú rẹ̀, ó ṣe é tì. Mo tún un pè. Ó ń wo ẹnu mi gan-an bí mo ti ń pè é. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ tò ó, títí tó fi dúró.

"Mísísì Átílì," ló wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń pè é." N kò sì fi ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú lásán. Ní ìlú eléèéfín yẹn, wọn kì í pe 'h' tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀; láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń pe orúkọ obìnrin náà lọ́nà mìíràn.